Ká kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là ná

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú ará fẹ́ra kù ọmọ yẹn tí àlòjù oògùn olóró pa. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì tu ìyá rẹ̀ nínú.

O ní Lèmọ́mù yín ti gbé iṣẹ́ lé ìwọ àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ lọ́wọ́, pé kí ẹ wá ohun tí mọ́sálásí lè ṣe kí irú ikú yìí má bàa tún ṣẹlẹ̀. O wá ní kí n sọ ohun tí àwa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọ. Màá sọ ọ́ bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún gan-an.

Jẹ́ kí n fi ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ ò bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, ìyókù á dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Àgbàlagbà kan á dìde nínú ìpàdé, á ní: "Tí a bá ń pín oògùn tó ń jí ẹni tó lo oògùn olóró lálòjù, ṣé kì í ṣe pé à ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bá a lọ?" Ẹ má bínú sí i. Bàbá tó béèrè é lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe èèyàn burúkú, ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló ń ṣe é. Ohun tí a fi dá a lóhùn ni pé òkú kì í ronú pìwà dà. Gbogbo ìwàásù wa, gbogbo àdúrà, gbogbo ìmọ̀ràn, ẹni tó ń mí nìkan ló lè gbọ́ ọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó wá bá adìyẹ wí. Pásítọ̀ wa ka ìtàn ará Samáríà inú Lúùkù orí 10 fún ìjọ. Ọkùnrin yẹn kò bi ẹni tó wà nílẹ̀ pé kí ló gbé e gba ọ̀nà yẹn. Ọgbẹ́ rẹ̀ ló dì. Ẹ̀yin ní ti yín nínú Súrà Al-Máídà ẹsẹ 32, pé ẹni tó bá gba ẹ̀mí kan là, bí ẹni pé ó gba gbogbo ènìyàn là ni. Tí Lèmọ́mù bá fi ẹsẹ yẹn ṣe kútùbà lọ́jọ́ Jímọ̀ kan péré, iṣẹ́ yín ti dé ìdajì.

Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín mọ ohun tó ń pa wọ́n gan-an. Opioid ni wọ́n ń pe ìdílé àwọn oògùn yìí: morphine, codeine, tramadol, heroin, fentanyl àti àwọn mìíràn. Apàrora tó lágbára ni wọ́n, ilé ìwòsàn sì ń lò wọ́n fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń mú ìrora rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú apá ibi tó ń darí èémí nínú ọpọlọ rọlẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, èémí á máa falẹ̀, á máa falẹ̀, títí á fi dúró. Fentanyl lè le tó ìlọ́po 50 heroin àti ìlọ́po 100 morphine. Wọ́n sì ń fi lú oògùn mìíràn, wọ́n ń fi ṣe ayédèrú hóró oògùn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gbé e mì kò mọ ohun tó gbé mì rárá. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àlòjù oògùn pa èèyàn tó lé ní 100,000 lọ́dún 2023, opioid ló sì wà nídìí ikú nǹkan bí 80,000 nínú wọn. Iye náà wálẹ̀ gan-an lọ́dún 2024. Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà gbà pé pípín oògùn ìjíni káàkiri wà lára ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kọ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, àyè díẹ̀ máa ń wà láti gba ẹni náà là, bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò bá wà nítòsí. Ìró kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo ìyá ẹgbẹ́ yín láti dá mọ̀. Ó jọ ti ẹni tó ń hanrun, tàbí ẹni tí omi há sí lọ́nà ọ̀fun. Àwọn ará ilé á ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́." Kì í ṣe oorun! Bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, tí ẹ fi oríkèé ọwọ́ ra á kíkankíkan ní àárín igbáyà tí kò mira, tí ètè àti èékánná rẹ̀ ń di aláwọ̀ eérú, tí ọmọlójú rẹ̀ sì ti kéré bíńtín, ẹ má dúró wo ohun mìíràn mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ló kọ́ wa bí a ṣe ń lo naloxone, oògùn ìjíni tí mo ń sọ yẹn, èyí tí wọ́n ń fín sí imú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí màmá fẹ́ ṣe ni ohun tí èyíkéyìí nínú wa ì bá ṣe: ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò ná, bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìkọ̀ọ̀kan ń fín. Bí o bá ti dán an wò, o ti lò ó tán nìyẹn. Ìka méjì á wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, àtàǹpàkò á wà nísàlẹ̀. Wàá dá ẹni náà dùbúlẹ̀ gbalaja, wàá fọwọ́ ti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kí orí rẹ̀ lè tẹ̀ sẹ́yìn, wàá ki ẹnu oògùn bọ ihò imú kan títí ìka rẹ á fi kan imú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wàá wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Màmá ṣe é lórí ọmọláńgidi, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbọ̀n mọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti ń lọ ló wá bi nọ́ọ̀sì ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ṣé òun lè mú méjì lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló fẹ́ lò ó fún. Ẹ má ṣe bi ẹnikẹ́ni.

Àwọn ohun yòókù kò le: ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ bá a mí sí ẹnu bí wọ́n bá ti kọ́ yín, bí kò bá jí láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ fín òmíràn sí ihò imú kejì. Bó bá ti ń mí, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èébì má bàa fún un lọ́fun, kí ẹnì kan sì jókòó tì í. Agbára naloxone máa ń tán láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90, oògùn tó lò sì lè ṣì wà nínú ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kò lo opioid rárá, naloxone ò ní ṣe é ní nǹkan kan, nítorí náà kí ẹ̀rù má bà yín láti fín in. Ó lè jí pẹ̀lú ìbínú, kó máa bì, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n. Ẹ má ṣe retí ọpẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan kan wà nípa oògùn yìí tó máa ń dùn mí. Kì í ṣe oògùn tuntun. Ọdún 1971 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọdún 2023 ni wọ́n tó gbà kí èyí tí wọ́n ń fín sí imú wà lórí àtẹ láìní ìwé dókítà. Jack Fishman, ọ̀kan lára àwọn méjì tó ṣàwárí rẹ̀, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí tẹ́lẹ̀ kú nípa àlòjù heroin lọ́dún 2003. Ìdílé ẹni tó ṣe oògùn náà gan-an rèé o. Oògùn tó wà níbòmíràn kò lè gba ẹni tó wà nílé là, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi lé àwọn ìyá lọ́wọ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé, kì í ṣe kí ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́sálásí.

Ọ̀rẹ́ mi, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù lọ ló kàn yìí. Ẹni tó bá ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà ó wà lẹ́wọ̀n ni, tàbí ilé ìwòsàn, tàbí ibi ààwẹ̀ àti àdúrà ìtúsílẹ̀, ara rẹ̀ kò lè gba oògùn yẹn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá padà lọ lo ìwọ̀n tó ń lò, ìwọ̀n yẹn lè pa á. Àsìkò tí àwa onígbàgbọ́ ń yọ̀ pé iṣẹ́ ti parí ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. A ó gbàdúrà fún ọmọ, a ó pè é síwájú ìjọ kó wá jẹ́rìí, a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì gba ilé wa lọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá tún fà sí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ta ló fẹ́ sọ fún? Ó ti jẹ́rìí. Ojú á tì í, á tilẹ̀kùn yàrá, á dá nìkan lò ó. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ kò sì ní ẹni tó máa fín oògùn sí i nímú.

Ní ìjọ wa, a kì í tètè pe ẹnikẹ́ni síta jẹ́rìí mọ́. Ẹni méjì ló máa ń sún mọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Wọ́n á máa pè é lójoojúmọ́, wọ́n á sì ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé: bó o bá ṣubú, àwa ni kó o kọ́kọ́ pè, a ò ní pariwo. Bákan náà, àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ á ti ní naloxone lọ́wọ́ kó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ methadone àti buprenorphine, àwọn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí opioid ti di bárakú fún, náà wà níbẹ̀. Opioid ni àwọn náà, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kò tíì jáwọ́, pé ó kàn pààrọ̀ bárakú kan sí òmíràn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ló ń wọn ọ́n fún un. Ó ń mú kí ara rẹ̀ balẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́, kó lè tọ́mọ, kó lè jókòó gbọ́ wáàsí. Ìwádìí sì ti fi hàn léraléra pé ó ń dín ewu ikú kù tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tó bá ń lò ó. Bí ẹnì kan bá dìde lórí pẹpẹ tàbí lórí mínbárì tó ní kó dà á nù láti fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí sàréè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, mo sì fi gbogbo ọkàn sọ ọ́. Bí Ramadan bá dé, kí Lèmọ́mù jẹ́ kí ẹni náà bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àkókò tí yóò máa lò ó, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Al-Kùránì kúkú fún aláìsàn láyè nínú ọ̀rọ̀ ààwẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn, sọ ti ìlú Sydney ní Australia fún un. Ní Kings Cross, àdúgbò kan níbẹ̀ tí heroin ti ń pa èèyàn lójú pópó, ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń jẹ́ Wayside Chapel ṣí yàrá kan lọ́dún 1999 níbi tí ẹni tó fẹ́ gún abẹ́rẹ́ ti lè ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Òfin kò tíì fàyè gbà á nígbà náà. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ni ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ fi irú ilé bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, Vatican sì ní kí wọ́n fà sẹ́yìn. Ìjọ Kristẹni mìíràn, Uniting Church, ló wá gbà á, wọ́n ṣí i lábẹ́ òfin ní oṣù karùn-ún ọdún 2001. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni àlòjù ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà láti ìgbà yẹn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó kú níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Melbourne, Sally Finn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìjọ Salvation Army bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ìrántí àwọn tí àlòjù pa, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, tí gbogbo ayé ń ṣe báyìí. Mi ò ní kí ẹ ṣí irú ilé ti Sydney o. Èyí tó sún mọ́ agbára wa ni ti Connecticut ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú àti ti Latino, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti Latin America, ti ń bá àwọn olùwádìí Yunifásítì Yale ṣiṣẹ́ nínú ètò ìrànwọ́ fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, tí wọ́n ń pè ní Imani Breakthrough. Ẹni tí kì í fẹ́ wọ ilé ìwòsàn ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ̀, àwọn tí oògùn ti di bárakú fún rí sì wà lára àwọn tó ń darí ìjókòó náà.

Nípa ìsìnkú, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" ni wọ́n máa kọ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa, Pásítọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó sì sọ òótọ́ ohun tó pa ọmọ náà níwájú gbogbo èèyàn, láìbú u, láìfi í ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀ṣẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òbí mìíràn ti ń wá bá nọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa.

Ẹ béèrè ohun tí òfin ibẹ̀ sọ nípa ẹni tó bá pe pàjáwìrì nígbà tí oògùn wà nílé, torí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ń pa èèyàn. Ẹ máa wo ọjọ́ tí naloxone máa bàjẹ́ lára páálí rẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Kí ẹni tó bá ní ìyókù apàrora nílé dá a padà sí kẹ́mísì.

Nọ́ọ̀sì wa ti ní òun ṣe tán láti bá àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ìwọ sọ ọjọ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn, kó má bọ́ sí àkókò ìrun, kí ẹ sì ti ra naloxone kan ó kéré tán kí wọ́n lè máa wò ó bó ṣe ń ṣàlàyé. Bá mi kí Lèmọ́mù, bá mi kí àwọn ọmọ. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ tó kú, sọ fún un pé bó bá fẹ́ bá ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ẹnì kan wà ní ìjọ wa tó ní kí n fún un ní nọ́ńbà òun, ọ̀sán tàbí òru.

Èmi ni tìrẹ ní tòótọ́,
Ọ̀rẹ́ rẹ