Lẹ́tà sí Kọ́láwọlé lórí ọkọ̀ MGB tí mo ń tún ṣe

Leeds,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kọ́láwọlé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà n'Íbàdàn. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn gidigidi láti gbọ́ pé iṣẹ́ ń lọ déédéé. O bi mí nínú rẹ̀ pé kí ló mú ẹni tó ní mọ́tò gidi lẹ́nu ọ̀nà lọ gbé ògbólógbòó ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gba ju ọmọdé lọ, wá sínú gáréèjì. Ìyàwó mi náà ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ìdáhùn tí mo fún un kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìwọ tí o kọ́ iṣẹ́ rewáyà dójú àmì ni mo rò pé ó lè yé, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí lórí ọkọ̀ náà fún ọ.

MGB GT ni, ọkọ̀ eré kékeré tí ilé iṣẹ́ MG ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é ní ìlú Abingdon. Lọ́dún 1962 ni MGB aláìlórùlé kọ́kọ́ jáde, GT tó ní òrùlé tẹ̀lé e ní 1965, wọn kò sì dáwọ́ ṣíṣe wọn dúró títí di 1980 tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Èyí tí wọ́n ṣe lápapọ̀ lé ní 500,000, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kò fi wọ́n lọ́jà títí di òní. Kódà ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ṣì ń fi àwọn ẹ̀rọ ìtẹ-páànù àtijọ́ tẹ ara rẹ̀ tuntun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sìlíńdà mẹ́rin, 1,798 cc, pẹ̀lú kabúrétọ̀ SU méjì (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tó ń mú un rìn ni ojú rẹ yóò tó, bí ìgbà tí a máa ń ṣí ẹ̀yìn Ìjàpá, Volkswagen àtijọ́ ọ̀gá rẹ, ní Mọ́kọ́lá.

Ọwọ́ ọmọ olóògbé kan ládùúgbò wa ni mo ti rà á, ó sì ti wà lábẹ́ tapólì fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò yára fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo tú àwọn plọ́ọ̀gì, mo ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí ó fi rọ̀, mo sì fa epo tó ti rùn jáde nínú táǹkì. Gbogbo ọ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gbé epo ni mo pààrọ̀, nítorí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo bẹntiróòlù lásán tí wọ́n ń tà níbí ti jẹ́ E10, tí ethanol (ọtí líle tí wọ́n pò mọ́ ọn) inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ethanol kì í bá rọ́bà àtijọ́ ṣe ọ̀rẹ́. E5 tó wọ́n díẹ̀ jù ú lọ ni mo ń rà fún un. Búrẹ́kì kò gba ọgbọ́n kan, owó ló gbà: gbogbo rẹ̀ ló ti gan, mo sì rà á ní tuntun láti òkè délẹ̀.

Nígbà tó jí, ó jí dáadáa. Tí a bá tan suwíìṣì, pọ́ǹpù epo SU tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nítòsí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún á máa ró kó-kó-kó kíákíá, yóò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì dákẹ́ nígbà tí kabúrétọ̀ bá ti yó. Ẹ́ńjìnnì á dúró lójú kan láìmì. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e jáde, tí mo rọra ń bá a lọ ní nǹkan bíi 40 máìlì ní wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á máa ta gìrì bí ẹni pé wọ́n ń pa suwíìṣì rẹ̀ tí wọ́n sì ń tan án padà.

Kabúrétọ̀ ni gbogbo ẹnu ń pè. Ẹni tó ní irú ọkọ̀ náà ládùúgbò sọ bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò náà sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fẹ́ gba owó àtúnṣe rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà ni pé bí mo bá tẹ tọ́tù, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, mọ́lẹ̀ pátápátá, ìjákulẹ̀ náà á lọ, ọkọ̀ á sì fà bí ó ti yẹ. Kọ́lá, rò ó wò. Bí epo bá ń wọ́n ẹ́ńjìnnì, ìgbà tó ń béèrè epo jù lọ ló yẹ kó ráhùn, kì í ṣe ìgbà tó ń rìn jẹ́jẹ́. Kí wá ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fẹsẹ̀ lé tọ́tù díẹ̀, tí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá tẹ̀ ẹ́ rárá, tàbí tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀?

Páìpù tín-ín-rín kan wà tó ti ara kabúrétọ̀ lọ sí dísítríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì. Tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa fa afẹ́fẹ́ nínú páìpù náà, fífà yẹn ló sì ń yí àwo tí kọ́ńtáàtì (irin méjì tó ń já iná tó sì ń so ó) jókòó lé lórí, kí iná plọ́ọ̀gì lè ṣáájú díẹ̀. Tí kò bá sí ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, páìpù náà kì í fà. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, fífà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwo náà á sì padà sí ààyè rẹ̀. Nítorí náà mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan nínú gáréèjì, mo yọ páìpù náà lára kabúrétọ̀, mo fi ẹnu mi fà á. Ẹ́ńjìnnì já lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tú u sílẹ̀, ó padà bọ̀ sípò. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rò pé idán ni mo ń pa.

Nínú dísítríbútọ̀ Lucas náà, wáyà kúkúrú kan wà tó so àwo tó ń yí náà mọ́ ara irin, òun ni ẹ́ẹ̀tì fún kọ́ńtáàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Aṣọ tí wọ́n fi wé e lára ṣì dán, kò sí ibi tó ya. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láàárín, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ níbì kan. Mo la aṣọ náà: àwọn fọ́nrán bàbà inú rẹ̀ ti já, ó ku bíi méjì tó ṣì dì mọ́ra, èyí tó tó láti gbé iná nígbà tí àwo bá dúró, ṣùgbọ́n tó ń ṣí sílẹ̀ bí àwo bá ti yí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀, ìfun èèrà gan-an sì ni wáyà yìí. Mo wá wáyà tí fọ́nrán rẹ̀ pọ̀ tí ó sì tín-ín-rín, kó lè máa tẹ̀ láìkán, mo jó o mọ́ ibẹ̀, mo tún kọ́ńtáàtì sí ìwọ̀n 0.015 íǹṣì. Láti ìgbà náà, ìjákulẹ̀ ọ̀hún kò padà wá. N kò fọwọ́ kan kabúrétọ̀ rárá, àfi ọ́ìlì tí mo dà sínú wọn.

Ara ọkọ̀ náà ni iṣẹ́ ńlá, òun sì ni ó lè pa ènìyàn. Kò ní ṣáàsí lọ́tọ̀. Páànù ara rẹ̀ ló ń gbé e dúró, pàápàá àpótí páànù gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Ìpele mẹ́ta ni páànù náà, ọ̀kan wà lóde, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nínú, omi sì ń wọ àárín wọn. Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì tọ̀ ọ́ lọ, kò dì mọ́ ibi púpọ̀, bọ́dì-fílà ni wọ́n fi dí ihò. Nígbà tí mo gé e, mo rí i pé páńẹ́lì-bítà kan láyé àtijọ́ ti kàn jó páànù tuntun bo èyí tó ti dípàárà, ó kùn ún, ó sì gba owó rẹ̀ lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bí mi nínú ju ọkọ̀ tí wọn kò tún ṣe rárá lọ, nítorí ẹni tó ń wà á á rò pé òun jókòó sórí irin.

Kí n tó gé ohunkóhun, mo jó irin gbọọrọ dí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn láti iwájú sí ẹ̀yìn. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́ láéláé. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ń ṣe tán kí n tó kọjú sí èkejì, bí mo bá sì ti ń jó o díẹ̀ ni mo ń gbé ilẹ̀kùn kọ́ kí n lè wo bí àlàfo rẹ̀ ṣe rí. Apá òsì ti parí. Òfin ibí kò béèrè ìdánwò ọdọọdún lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún mọ́, ṣùgbọ́n màá gbé e lọ fún wọn yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀mí kò ní pààrọ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí o gbà mí nímọ̀ràn lé lórí. Jíà mẹ́rin ló ní, pẹ̀lú overdrive tó ń fi iná ṣiṣẹ́ lórí jíà kẹta àti ìkẹrin, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa ké jù lójú ọ̀nà jíjìn. Tèmi kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi í sí jíà kẹrin, tẹ́sítà mi tàn níbi wáyà tó wọ gíábọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí solenoid inú rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì oníná tó ń mú overdrive ṣiṣẹ́, ró. Bí mo bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni mo máa ṣe lábẹ́ ọkọ̀. Ṣé o rò pé kí n kọ́kọ́ fi mítà wọn iye iná tó ń wọlé, kí n lè mọ̀ bóyá iná ń kọjá nínú solenoid náà, àbí ọ̀nà mìíràn wà tí ìwọ máa gbà? Jọ̀wọ́, kọ èsì rẹ ránṣẹ́ kí n tó tú nǹkan kan. Bá mi kí Màmá, kí o sì sọ fún wọn pé owó oògùn wọn ń bọ̀ lópin oṣù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Báyọ̀.