Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa télọ̀ sí Alága kánsù lórí kíóòsì tẹ́tẹ́

Alága wa, ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa télọ̀ wọ́ọ̀dù yìí la ní ká kọ̀wé sí yín torí tẹ́tẹ́ tó ti gba àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wa lọ́kàn. A rí bébà tẹ́ ẹ ní kí wọ́n lẹ̀ kiri pé ọmọ tí ò tíì pé 18 ò gbọdọ̀ ta á, a dúpẹ́, àmọ́ àwọn tó ń gbowó ní kíóòsì ò tiẹ̀ wojú bébà yẹn.

Bó ṣe ń lọ rèé. A ó rán ọmọ lọ ra síìpù àti láínì, á yà sí kíóòsì, á fi ṣénjì ta bọ́ọ̀lù méje mẹ́jọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹyọ kan á já a, ó tún di ọ̀la. Tó bá yá owó aṣọ oníbàárà ló kàn, ọ̀gá ló sì máa san án. Èyí tó dùn wá jù ni owó fríìdọ̀ọ̀mù, ọmọ á dájọ dájọ kó lè ra máṣíìnì tiẹ̀, tó bá kó o tán á dà á sórí géèmù ọkọ̀ òfúrufú inú fóònù yẹn lóru ọjọ́ kan, ìyá ẹ̀ á wá máa bi wá pé ìgbà wo lọmọ òun máa gbòmìnira. Kí la fẹ́ sọ fún un?

A lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ kánsù, wọ́n ní ti ìpínlẹ̀ ni. Kò burú, 22 November 2024 ni Súpíríìmù Kọ́ọ̀tù sọ pé ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, kì í ṣe ilé aṣòfin Àbújá. Àmọ́ àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka àmójútó ṣọ́ọ̀bù, kíóòsì àti pátákó ìpolówó mọ́ iṣẹ́ kánsù. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ̀ ń gbowó kíóòsì lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún, ẹ ò sọ pé ti ìpínlẹ̀ ni nígbà yẹn!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún àwọn kíóòsì tẹ́tẹ́ láyè mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé àti ibi tọ́mọ ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ yọ pátákó wọn níbẹ̀, kí wolé-wolé tó ń wo gọ́tà máa yà síbẹ̀ náà, tó bá bá ọmọ kékeré níbẹ̀ kó ti kíóòsì náà pa. Kí nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà ìlera yín náà mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún nímọ̀ràn, torí ọ̀gá wà láàárín wa tó fẹ́ fi í sílẹ̀ tí ò mọ ibi tó máa lọ ju ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. A ò ní kẹ́ ẹ ti gbogbo ẹ̀ pa o, àwọn bàbá wa ta púùlù títí. Ti orí fóònù, a mọ̀ pé ọwọ́ yín ò tó o, ṣùgbọ́n ní kíóòsì lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́ ọ, owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà, wọn kì í béèrè ọjọ́ orí.

Àwa náà ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta á ní ṣọ́ọ̀bù, owó fríìdọ̀ọ̀mù sì ti ń lọ sí àkáǹtì tí òbí àti ọ̀gá jọ ń fọwọ́ sí. Kẹ́ ẹ tó tún ìwé kíóòsì ọdún tó ń bọ̀ ṣe, ẹ rán kánsẹ́lọ̀ wa wá sí mítíìn wa, a ó mú un dé iwájú àwọn kíóòsì tẹ́tẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyá Ẹgbẹ́, lórúkọ gbogbo télọ̀ wọ́ọ̀dù yìí