Ewu ọ̀tọ̀, rísíkì ọ̀tọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ni àwa tí a ń túmọ̀ èdè fẹ́ bá yín sọ. Bí àwọn oníròyìn yín bá ti rí "risk" nínú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ewu ni wọ́n ń kọ. Bí wọ́n bá rí "danger", ewu náà ni. "Hazard" ńkọ́? Ewu. Ohun mẹ́ta wá wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo, òǹkàwé kò sì mọ èyí tó yẹ kó bẹ̀rù nínú wọn.

Ẹ dé gáréèjì tàbí ọjà, ẹ ó rí i pé àwọn aráàlú ti ṣe ìyàtọ̀ náà láìdúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní, "Mo kàn rísíkì ẹ̀ ni." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tó lè bàjẹ́, ó ti wo èrè tó wà níbẹ̀, ó wá dá a láṣà. Wọ́n á ní ojú ọ̀nà kan rísíkì lóru. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò rí paramọ́lẹ̀ kó ní rísíkì rèé. Ewu ni paramọ́lẹ̀. Kéèyàn fi ẹsẹ̀ lásán ro oko tí paramọ́lẹ̀ wà, rísíkì nìyẹn. Bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún ń dín in kù, bẹ́ẹ̀ paramọ́lẹ̀ kò kúrò lóko, oró rẹ̀ kò sì rọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní rísíkì kì í ṣe Yorùbá, òótọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì náà yá a ni: ọwọ́ Faransé ló ti gbà á ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Faransé gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, tí àwọn oníṣòwò wọn ń lò ó fún ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ gba ojú òkun. Òye rẹ̀ ni a kò yá. "Ewu iná kì í pa àwòdì" kò sọ pé iná ìgbẹ́ kò jóni. Àwòdì ń rábàbà lókè iná, ó ń ṣọ́ eku tó ń sá jáde, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń gbé e kúrò nígbàkigbà tí ooru bá fẹ́ kàn án. Iná kan náà ló wà fún àwòdì àti eku, ibi tí kálukú wà ló yàtọ̀. Ti "ikú odò ní í pa òmùwẹ̀", iye ìgbà ni òwe yẹn ń kà. Ẹni tó ń wọ odò lójoojúmọ́, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó, ó ń fi ara rẹ̀ fún odò lọ́nà tí ẹni tó ń fa omi nínú kànga kò ṣe rí. Ohun tó lè pani lára, ẹni tó sún mọ́ ọn, iye ìgbà tó sún mọ́ ọn, àti bí òfò rẹ̀ yóò ti tó: àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni rísíkì. Ewu jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn.

Bí ìròyìn bá pariwo láìsọ "nínú mélòó", ó lè ṣe jàǹbá ju ohun tó ń kìlọ̀ fún wa lọ. Ní oṣù Kẹwàá 1995, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ààbò oògùn ní Britain kìlọ̀ pé àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró kan tó dé kẹ́yìn ń sọ rísíkì kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì! Gbogbo ilé ìròyìn gbé e, ọ̀pọ̀ obìnrin sì jáwọ́ nínú oògùn wọn lójijì. Ká wá kà á dáadáa. Nínú obìnrin 7,000 tó ń lo oògùn ti tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ẹni 1 ni ẹ̀jẹ̀ ń dì fún lọ́dún. Nínú 7,000 tó ń lo tuntun, ẹni 2. Ẹyọ ẹnì kan ló fi lé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales fi nǹkan bí 13,000 pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ oyún níní fúnra rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ju oògùn méjèèjì lọ. Irọ́ kankan kò sí nínú "ìlọ́po méjì" o. Ẹni 1 nínú 7,000 tó di 2, ìlọ́po méjì ni. Ẹni 1 nínú 10 tó di 2, ìlọ́po méjì náà ni. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́.

Àṣìṣe mìíràn ni kí àwọn onímọ̀ ṣe ìdájọ́ lórí ewu, kí oníròyìn kà á sí rísíkì. Ní oṣù Keje 2023, IARC, ẹ̀ka WHO tó ń wádìí jẹjẹrẹ, fi aspartame sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Èròjà adùn tí wọ́n ń fi sínú ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà ni. Ìbéèrè tí IARC ń dáhùn kò ju èyí lọ: ṣé nǹkan yìí tiẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ, báwo sì ni ẹ̀rí rẹ̀ ti lágbára tó? Ìdí nìyẹn tí sìgá àti sọ́sééjì fi jọ wà ní ìsọ̀rí 1. Ẹ̀rí tó wà lórí méjèèjì ló lágbára, kì í ṣe pé iye èèyàn kan náà ni wọ́n ń pa. Ìgbìmọ̀ mìíràn ló ń wo ìwọ̀n, ìyẹn sì fi òdiwọ̀n sílẹ̀ bó ti wà: 40 mílígíráàmù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n. Bí agolo kan bá ní 200 sí 300 mílígíráàmù, ẹni tó wọ̀n 70 kílò ní láti mu ju agolo 9 sí 14 lọ lóòjọ́ kan kó tó kọjá ààlà. Oníròyìn tó bá gbé ìdájọ́ àkọ́kọ́ tó fi èkejì sílẹ̀ ti fi ejò han àwọn èèyàn, kò sọ fún wọn bóyá oko wọn ló wà.

Ti omíyalé ló ń dùn wá jù, nítorí ibẹ̀ ni ìtúmọ̀ tó wọ́ ti lè gbé ilé lọ. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàrá tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ìwé ìròyìn á wá kọ ọ́ bí ẹni pé omi ní kàlẹ́ńdà: ó ti wá lọ́dún tó kọjá, ó di ọdún 99 sí i. Rárá o. Ẹ ronú kan àpò tó ní ọmọ ayò 100, tí ẹyọ kan péré pupa nínú wọn, ẹyọ pupa yẹn sì ni omíyalé. Lọ́dọọdún ẹ ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwojú, ẹ ó mú ọ̀kan, ẹ ó sì dá a padà. Bí ẹ bá mú pupa lọ́dún yìí, 1 nínú 100 náà ló ṣì jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó máa gbé ilé náà fún ọdún 30 ńkọ́? Ẹ fi 0.99 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí yóò fi pé 30, ẹ ó rí nǹkan bí 0.74, ìyẹn 74 nínú 100 pé omi kò ní wọlé rárá. Nǹkan bí 26 nínú 100 tó ṣẹ́kù ni pé omi yóò wọlé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. Ìbàdàn rí omíyalé odò Ògùnpa ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, àwọn tó bá a lọ lé ní 200. Ó tún rí ti 26 oṣù Kẹjọ 2011, tó gbé ẹni tó lé ní 100. Òjò ni ewu níbẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò àti pàǹtí tó dí ojú omi ló sọ ọ́ di rísíkì láàárín ìlú. Òjò kò ṣeé dá dúró, pàǹtí ṣeé kó.

"Risk" tí wọ́n ń kọ sára ògiri ibi ìgbọ́kọ̀sí, pé kí onímọ́tò páàkì ní "owner's risk", ọ̀rọ̀ ta ni òfò máa já lé lórí ni. Bí ẹ bá fi ewu tú u, kò ní nítumọ̀. "Ohunkóhun tó bá ṣe mọ́tò, ọrùn ẹni tó ni ín ló wà" ni Yorùbá ibẹ̀. Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tí àwọn òfin ìpínlẹ̀ wa tẹ̀ lé, sọ ọ́ lọ́nà yìí: bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ọjọ́ tí ọjà di ti oníbàárà ni òfò rẹ̀ di tirẹ̀, ìbáà ṣe pé ọjà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á. Adójútòfò ni Yorùbá ń pe àwọn tó ń gba irú òfò bẹ́ẹ̀ rù lówó. Ká ní ṣọ́ọ̀bù 1,000 wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ₦5,000,000, tí iná sì ń jó 2 lọ́dún. Òfò ₦10,000,000 nìyẹn, ó di ₦10,000 lórí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fi owó iṣẹ́ tiwọn lé e. Ẹni tí kò bá mọ "nínú mélòó" kò lè mọ̀ bóyá owó tí wọ́n bù fún un ti pọ̀ jù.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju pé kí ẹ fi ewu sílẹ̀ fún ohun tó ń pani lára. Bó bá di ti rísíkì, ẹ kọ rísíkì, tàbí kí ẹ kọ "bó ṣe ṣeé ṣe tó". Kò pọn dandan ká hun ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ tí ahọ́n ẹnikẹ́ni ò ní gbà. "Fẹ̀mí wewu" dára, ṣùgbọ́n ti ẹ̀mí nìkan ni, kò bá owó mu. Kí ẹ sì máa sọ nínú mélòó, láàárín ìgbà wo.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká mú àkọlé kan tó wọ́pọ̀: "Ewu ń bẹ nínú gáàsì ìdáná." Ta ni kò mọ̀? Bí ẹ bá fẹ́ kọ ti rísíkì, ẹ kọ ọ́ pé gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, pé bó bá jò, ilẹ̀ ló ń tò sí, nítorí náà sìlíńdà 12.5 kílò tó wà níta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kò rísíkì tó èyí tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ẹ kọ ọ́ pé ojú ibi tí rọ́bà ti wọ ẹnu régúlétọ̀ ló sábà máa ń jò, pé kí wọ́n po omi ọṣẹ, kí wọ́n fi pa ibẹ̀, bó bá ń hó, kí wọ́n ti sìlíńdà pa, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná mànàmáná kankan títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ.

Àwa ni tiyín,
Àwọn atúmọ̀ èdè kan,
Ìbàdàn.