Ẹ̀sùn lórí ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá ọkọ̀ mu

Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Torí ọkọ̀ ojú omi kékeré àti ẹ́ńjìnnì 15 horsepower tí ẹ tà fún wa la ṣe ń kọ̀wé yìí. Kí a tó sanwó la ti sọ fún àwọn òǹtajà yín pé láti Ẹ̀pẹ́ la ó ti gbéra, a ó gba Ìkòròdú, a ó kọjá lábẹ́ afárá Third Mainland, a ó gba iwájú Apápá wọ odò tó lọ sí Àgbádárìgì. Wọ́n ní ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì bára mu. Wọn ò bára mu.

Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n wò. Láti orí pákó ìdí ọkọ̀ tí a ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, títí dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀, sẹ̀ǹtímítà 51 ni. Ọ̀pá ẹ́ńjìnnì tí ẹ fún wa, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì wọ inú omi, 38 ni. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pròpẹ́là, abẹ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ lọ, yẹ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Tiwa fi sẹ̀ǹtímítà 13 ga jù ú lọ. Bí a bá yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì kó lè sáré, afẹ́fẹ́ ni pròpẹ́là ń gbọ́n dípò omi. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Ihò tó fi ń fa omi tútù náà ń fa ìfófòó. Omi tó yẹ kó máa tú jáde fíí lẹ́yìn rẹ̀ á wá máa kán tó, tó, tó. Kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ á fi nọ́ọ̀kì. Tó bá wá jẹ́ àárín ọ̀sà ni, tí atẹ́gùn ọ̀sán ti gbé ìgbì dìde, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn o.

Òṣìṣẹ́ yín kan ní ká gé pákó ìdí ọkọ̀ wálẹ̀. A ò ní gé e. Òun ló ń dá omi ẹ̀yìn dúró. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Apápá, ibi tí a gé yẹn ni ìgbì rẹ̀ máa gbà wọlé.

Ìwé ìlànà tí ẹ tẹ̀ fún wa náà kò péye. Ó ní ọ́ìlì lítà 1 sí bẹntiróòlù lítà 100. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá nínú páálí ní lítà 1 sí 25 fún wákàtí 10 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lítà 1 sí 50. Fún táǹkì lítà 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan gbáko níbẹ̀rẹ̀, kó tó wá di bí ìdajì. Ẹ tún kọ ọ́ pé táǹkì kan yẹn á gbé wa dé Àgbádárìgì! Bí a bá yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì dé òpin, ó ń mu bíi lítà 6 epo ní wákàtí kan. Wákàtí 4 péré ni táǹkì náà á fi gbẹ. Ẹni tó mọ omi kì í sì í fọwọ́ kan ìdá kan nínú mẹ́ta epo rẹ̀, pàápàá lásìkò òjò tí koríko orí omi ń bo ọ̀nà, téèyàn ń yí ká kiri.

Púlọ́ọ̀gì méjì tó wà nínú rìsíìtì, a ò rí wọn nínú páálí.

Ẹ wá gbé ẹ́ńjìnnì yín, kí ẹ fún wa ní èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 51, láìgba kọ́bọ̀ kún un, tàbí kí ẹ dá owó wa padà. Ọjọ́ 7 la fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta irú rẹ̀ fún ẹlòmíì kí ẹ tó wọn ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Àwa mẹ́ta tí a ra ọkọ̀ náà.