Lẹ́tà sí Àkànní: Má Da Yanrìn Sílé Aláǹgbá Rẹ

Àkànní, àbúrò mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. O ní àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Sábó níbẹ̀ fẹ́ bù ọ́ ní yanrìn odò lọ́fẹ̀ẹ́, kí o dà á sínú àpótí aláǹgbá onírùngbọ̀n (bearded dragon) rẹ, "torí ilẹ̀ gbígbẹ ló ti wá, ẹ̀gbọ́n mi." Jọ̀ọ́, má gbà á.

Lóòótọ́, àárín gbùngbùn Ọsirélíà, níbi tí òjò kì í ti í pọ̀, ni ìran rẹ̀ ti wá. Àmọ́ yanrìn gbẹrẹfu kọ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀ látòkè délẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ilẹ̀ pupa tí amọ̀ wà nínú rẹ̀, tí oòrùn ti sá tó fi le koko. Ìdílé kan náà ni òun àti aláǹgbá tó ń mi orí lára ògiri wa. Orí sìmẹ́ńtì lásán nìyẹn ń gbé, kò sì ráhùn.

Ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹ ìrẹ̀. Á tẹjú mọ́ ọn, á tẹ orí sílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ tó ń lẹ̀ á yọ wàrà, á sì kó ìrẹ̀ náà tòun tohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọdé ni tìrẹ, ìfun rẹ̀ ṣì tín-ín-rín. Yanrìn lè kóra jọ síbẹ̀, kí ìgbẹ́ má sì rọ́nà kọjá. Èyí tó tún burú jù ni yanrìn kálísíọ̀mù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní ó ń yòrò nínú, bẹ́ẹ̀ ó máa ń dì bó bá ti kan omi.

Èérún pákó tí àwọn ọlọ́sìn adìyẹ ń lò náà kò dáa: eruku rẹ̀ ń dà á láàmú, tójò bá sì dé, á fa omi, á bu.

Táìlì ni kí o rà, èyí tí ojú rẹ̀ kò dán, kí ẹsẹ̀ má baà máa yọ̀ ọ́. Á gbóná dáadáa lábẹ́ iná, á sì máa gbo èékánná rẹ̀. Kí táìlì náà tó dé, tẹ́ ìwé ìròyìn tàbí tíṣù, kí o lè máa rí ìgbẹ́ rẹ̀ kedere. Tó bá dàgbà tán tí ara rẹ̀ le, tó o sì fẹ́ kó máa rí nǹkan gbẹ́, po erùpẹ̀ tí kò ní ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò mọ́ yanrìn, kí erùpẹ̀ jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Fi omi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó gbẹ, kó le, kó tó wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ nìkan kọ́ ṣá o. Ibi tó ti ń yáná gbọ́dọ̀ tó 38 sí 42 ní ìwọ̀n Celsius, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oúnjẹ ò ní dà. Bí wọ́n bá mú iná lọ́sàn-án, gbé e jáde síbi tí oòrùn àti ìbòòji jọ wà, kí o sì jókòó tì í. Má gbé àpótí dígí náà sóòrùn, á sè é pa.

Tí kò bá yàgbẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ikùn rẹ̀ wú, tàbí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, má tẹ ikùn rẹ̀ o. Gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ga ju èjìká rẹ̀ lọ, kí o sì pè mí lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn la máa gbé e lọ. Èmi ni n ó san owó ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.