Owó kòkó kọ́ ni owó ilẹ̀

Olóòtú,

Inú ń bí mi gidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn awọnlẹ̀ ya wọ oko ẹbí wa lójú ọ̀nà Ìdànrè, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi kòkó, wọ́n ní ìjọba ti gba ibẹ̀. Wọn ò pe olórí ẹbí kankan. Nígbà tí a bèèrè owó, wọ́n ní kí a lọ ka kòkó, ọ̀pẹ àti obì wa, pé ohun tí a gbìn nìkan ni wọn yóò sanwó rẹ̀. Ilẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kò sí owó ilẹ̀ nínú òfin.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 yẹn náà ni, èyí tí àwọn ológun fi kó ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Òyìnbó amúnisìn pàápàá kò rí i gbé ṣe báyìí. Nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, bá wọn ṣẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay tẹ̀ lé e lọ. Ní 1921, àwọn adájọ́ ọ̀hún dá a láre pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ìlú, kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà ní kíkún. Àwọn ọmọ wa tó wà nípò lónìí wá ń ka igi kòkó fún wa! Tó bá sì yá, oko tí wọ́n ní ìlú fẹ́ lò á di pulọ́ọ̀tì tí àwọn ọ̀gá ń tà.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí wọ́n tó ri òpó kankan, kí wọ́n wá jókòó ní ìpàdé ẹbí, tọkùnrin tobìnrin, kí wọ́n ka ìwé náà sókè ní Yorùbá. Kí àwọn àgbà mú wọn rìn yí ààlà ká, láti pèrègún dé pèrègún, títí kan ibojì àwọn baba wa, kí wọ́n yà á sínú àwòrán ilẹ̀, kí gbogbo wa tọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ìdá kan nínú mẹ́rin pulọ́ọ̀tì tí wọ́n bá gé gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú ìwé ní orúkọ ẹbí. Mo tún un sọ, orúkọ ẹbí, kì í ṣe ti olórí ẹbí, nítorí àwọn kan ti ń ta ilẹ̀ lóru.

Kí àwọn aṣòfin tún òfin náà ṣe. Kí Kábíyèsí Déjì náà bá wa dá sí i.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wá hú òpó wọn kúrò lóko wa, kí a tó jọ sọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀ kòkó kan,
Àkúrẹ́