Kí A Ka Ìbọn Tó Wà Nílẹ̀ Ná, Kí A Tó Sọ̀rọ̀ Sàlẹ́ńsà

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, nínú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní kí ìjọba àpapọ̀ fàyè gba ọdẹ àti àgbẹ̀ láti ra ìbọn ìgbàlódé àti sàlẹ́ńsà tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu kí ìró rẹ̀ lè dín kù, nítorí pé Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ti tú òfin tirẹ̀ ká. Ìbẹ̀rù tí ó mú un kọ̀wé kò ṣàjèjì sí mi. Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022 tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa nǹkan bí 40 ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn, kò sí ará ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ara kì í ta bí ohun kan bá ṣàdédé dún. Síbẹ̀, ohun tí ó ń béèrè fún kò lè dáàbò bò wá, ó sì ti fo ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà bí ó ti rí. Ní ọdún 1934, wọ́n ṣe òfin tí ó kó sàlẹ́ńsà pọ̀ mọ́ ìbọn arọ̀jò-ọta, tí ó sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ san owó orí 200 dọ́là, owó tí kì í ṣe kékeré láyé ìgbà náà, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé ìjọba àpapọ̀. Òfin tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2025 ni ó sọ 200 dọ́là náà di òfo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Owó nìkan ni ó kúrò. Ìtẹ̀ka wà síbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ wà síbẹ̀, wọ́n ṣì ń wádìí bóyá ẹni náà ti dáràn rí, àwọn ìpínlẹ̀ bíi California àti New York kò sì gbà kí ará ìlú ní in rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a fara wé Amẹ́ríkà, kí ó gbé gbogbo rẹ̀ wá, kí ó má bu èyí tí ó wù ú.

Sàlẹ́ńsà ìbọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọ̀kadà tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀pá irin ni, wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, kí atẹ́gùn gbígbóná tí ó ń tẹ̀lé ọta jáde lè rọra tú, kí ó sì tutù díẹ̀ kí ó tó bọ́ síta. Hiram Percy Maxim, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1909. (Bàbá rẹ̀ ni ó ṣe ìbọn Maxim tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé dojú kọ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892, nítorí náà ìdílé náà àti àwa ti pàdé rí.) Kì í pa ariwo ìbọn rẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é nínú fíìmù. Ráífù a máa dún tó bí 160 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo. Sàlẹ́ńsà a máa yọ nǹkan bí 20 sí 35 kúrò, èyí tí ó kù ṣì le ju ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ dáadáa, ọta tí ó bá sì yára ju ìró lọ yóò ṣì dún fàì bí ó ti ń kọjá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni pé ẹni tí ó wà lókèèrè kò ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìbọn ni òun gbọ́, kò sì ní mọ apá ibi tí ó ti dún.

Ta ni yóò wá wúlò fún lọ́dọ̀ wa? Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ogun, títí kan ìbọn ìléwọ́, kò sí ará ìlú tí ó lè ní in àfi bí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ bí ẹlẹ́nu méjì àti ráífù ìṣọdẹ, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ó ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà, tí ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ń gbé, ni ó ṣe ìkẹta. Ẹ wo bí wọ́n ti ń ki ṣakabùlà. Ọdẹ a da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, a fi àkísà dí i, a da ọta lé e, a sì fi ọ̀pá irin gún un títí yóò fi le, kí ó tó fi kápù tí ń ta iná sí ẹ̀tù sí ìdí rẹ̀. Páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe ọ̀pá rẹ̀ nígbà mìíràn. Kò ní ojú ṣúkúrù tí ènìyàn lè de ohunkóhun mọ́, bí a bá sì wá ọgbọ́n dè é, ṣé ọdẹ yóò máa tú u lẹ́yìn yíyìn kọ̀ọ̀kan kí ó tó ki òmíràn ni? Ìbọn tí sàlẹ́ńsà bá mu ni ti ológun tí òfin kà léèwọ̀, àti ráífù tí owó àgbẹ̀ Ìdànrè kò ká. Àwọn tí wọ́n sì ń gbé ìbọn ológun kiri nínú igbó láìgbàṣẹ, a kò ní í bá wọn wá ohun tí wọn yóò fi fara pamọ́.

Òtítọ́ kan wà nínú lẹ́tà náà tí n kò ní fò. Ìbọn ń di ọdẹ létí. Àwọn àgbà ọdẹ tí mo bá lágbo ilé wa, etí òsì ni ó kọ́kọ́ ń dákẹ́ fún wọn, nítorí pé òun ni ó kọjú sí ẹnu ìbọn bí a bá gbé ìdí rẹ̀ lé èjìká ọ̀tún. Àwa ọmọdé mọ̀ pé ọ̀tún wọn ni a gbọ́dọ̀ dúró sí kí a tó kí wọn. Torí etí yìí náà ni ọdẹ ilẹ̀ Norway fi ń ra sàlẹ́ńsà ní ṣọ́ọ̀bù ní gbangba. Ṣùgbọ́n ọdẹ ti Norway ti kọ́ ẹ̀kọ́, ó ti yege nínú ìdánwò, ọlọ́pàá sì ti fún un ní ìwé lórí ìbọn rẹ̀. Fún etí àwọn ọdẹ tiwa, ìbòtí irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò tó, kò sì gba òfin.

Ìró ìbọn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wa. Ẹni tí ó wà ní ahéré nínú oko kòkó, bí ó bá gbọ́ gbòlà kan ṣoṣo lóru, ó mọ̀ pé ọdẹ ni; bí ó bá gbọ́ tàtàtà tí kò dáwọ́ dúró, ó mọ̀ pé kí òun kó ọmọ sá, kí òun sì pe Amọ̀tẹ́kùn. Amọ̀tẹ́kùn yìí kan náà, tí ìpínlẹ̀ wa ṣòfin fún ní ọdún 2020, ni olóògbé Gómìnà Akérédolú bá ìjọba àpapọ̀ fà á títí pé kí wọ́n jẹ́ kí ó gbé ìbọn tí ó tó ti àwọn agbébọn. Bí ẹ̀ṣọ́ ìjọba bá ń tiraka láti gba ìbọn gidi, kí ni a ń sáré bá nínú sàlẹ́ńsà fún ará ìlú?

Kíka ìbọn tó wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fi ṣíwájú. Òfin 1959 yẹn ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tó ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni ó ń jogún ìbọn, kò sì sí ẹni tí ń béèrè ojú tàbí ọtí. Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ ṣe ìwé fún èyí tí bàbá wọn fi sílẹ̀: àgọ́ ọlọ́pàá kan ní kí wọ́n lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ní kí wọ́n padà sí àgọ́. Ìbọn náà ṣì wà lókè àjà.

Mo rọ àwọn aṣòfin wa ní Àbújá pé bí wọ́n bá ń tún òfin náà ṣe, kí wọ́n dárúkọ sàlẹ́ńsà nínú rẹ̀ ní pàtó, kí ó má sí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìbọn ti ọdún 2001, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, ti ka ohun tí ń dín ìró ìbọn kù mọ́ ẹ̀yà ara ìbọn. Ní tilé, kí ọlọ́pàá, Amọ̀tẹ́kùn àti àwọn Olú Ọdẹ jọ yan ọjọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 18 tí a ní, kí ọdẹ gbé ṣakabùlà wá láìbẹ̀rù pé wọn yóò tì í mọ́lé, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, kí wọ́n sì fún un ní ìwé. Olóòtú, bí àyè bá wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde, iye tí wọ́n ń gbà lórí ìwé ìbọn ṣakabùlà àti ọ́fíìsì tí a ti ń gbà á, kí ẹ̀gbọ́n mi lè mọ ibi tí wọn yóò gbé tiwọn lọ.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ọdẹ,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.